Àwòrán Tí Òkè Ìdànrè Gé

Apá ti ń ro Mùjídàt, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ẹ́ríà tí wọ́n fi ń gba àwòrán kalẹ̀. Orí àpáta tí bàbá rẹ̀ ń sá kòkó sí ló dúró sí, ó ń yí ẹ́ríà tẹ̀ lé sátẹ́láìtì kékeré kan tó ń kọjá lójú ọ̀run. Páìpù omi àti wáyà ni Ọ̀gbẹ́ni Fọláyan, tíṣà sáyẹ́ǹsì wọn, fi ṣe ẹ́ríà ọ̀hún. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní igi ìsáṣọ ni. Sátẹ́láìtì náà fúnra rẹ̀ kò ju páálí bàtà lọ, àmọ́ ó ń ya àwòrán ìkùukùu òjò, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sílẹ̀.

Dára, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó ti kọ̀ǹpútà. Àwòrán ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, inú àwọn méjèèjì ń dùn, àfi bó ṣe kù díẹ̀ tó di wúruwùru. Sátẹ́láìtì ti wọ ẹ̀yìn òkè. Òkè tí àwọn àlejò ń torí rẹ̀ wá sí Ìdànrè ni kò jẹ́ kí wọ́n rí odindi àwòrán gbà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n gbìyànjú ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́ tó ń ṣèwádìí ojú ọjọ́ ló yá àwọn ilé ìwé mélòó kan ní ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán yìí. Ilé ìwé tí iṣẹ́ tó fi àwòrán náà ṣe bá dára jù ni kò ní dá tirẹ̀ padà. Mùjídàt fẹ́ ẹ̀rọ náà bí ẹni máa kú. Oko olóko ni bàbá rẹ̀, ará Ìsẹ́yìn, ń bá wọn tọ́jú, ìpín rẹ̀ nínú kòkó ni wọ́n sì fi ń jẹun. Lọ́dún tó kọjá, òjò ká kòkó mọ́ orí àpáta, kòkó bu, oníkòkó tó máa ń rà á lọ́wọ́ wọn kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá lè máa rí òjò lókèèrè, wọ́n á tètè kó o nílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Dára na fóònù sí i. Ó ti rí odindi àwòrán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó mọ́ lóló.

"Mújí, sátẹ́láìtì kan náà ló yà á, ọjọ́ kan náà. Ta ló máa mọ̀?"

Ká má purọ́, ó wu Mùjídàt. Ó tilẹ̀ ti gbé e sínú iṣẹ́ wọn. Bàbá rẹ̀ wà nítòsí, ó ń ṣa àwọn kòkó tó ti bu dànù. Mùjídàt bi í pé ṣé kò lè tì wọ́n sí ìsàlẹ̀ àpò ni.

"Tí oníkòkó bá ki ọwọ́ bọ àpò tó sì fa ẹyọ kan yọ," ni bàbá wí, "kò ní gba ìyókù gbọ́ mọ́."

Mùjídàt yọ àwòrán náà kúrò. Tiwọn tó gé ló fi ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ sí i pé òkè ló dí wọn lọ́nà. Dára bínú débi pé kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí Ìyáàfin Ọmọ́yẹlé, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó yá wọn ní ẹ̀rọ, dé láti Àkúrẹ́, gbogbo wọn gbà pé ẹ̀rọ ló wá gbà. Ìyá náà ṣí àwòrán wọn, ó fi ìka kan ibi tó di wúruwùru. Ó ní àwọn ilé ìwé kan fi odindi àwòrán ránṣẹ́, gbogbo wọn sì bára mu délẹ̀délẹ̀, torí ibì kan náà ni wọ́n ti jí i.

"Ibi tó bàjẹ́ yìí ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ gbà á, pé Ìdànrè lẹ sì ti gbà á. Irú yín la lè bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ di tiyín. Ẹ gbé e gun òkè lọ, kí òkè má baà dí yín mọ́."

Dára ló ru ẹ́ríà gun àtẹ̀gùn òkè, bó ṣe ń mí hẹlẹ ló ń bẹ Mùjídàt. Lókè, àwòrán wọlé pé pérépéré, ìkùukùu ńlá kan sì ń bọ̀ láti ìlà oòrùn. Mùjídàt pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

Nígbà tí òjò dé, kòkó ti wà nínú ilé. Àwọn ọmọ náà fara pamọ́ sábẹ́ àpáta, wọ́n ń wo ìlú nísàlẹ̀.

"Ká ní èyí tí mo jí la fi ránṣẹ́ ni," ni Dára wí, "ẹ̀rọ ì bá ti padà sí Àkúrẹ́, kòkó bàbá ẹ ì bá sì wà nínú òjò yìí. Tiwa tó gé yẹn ló gbà wá."