Aṣọ Tí Àsíátù Tú Lẹ́ẹ̀mẹta

"Ṣé búrẹ́dì ni ọ́ ni, Bàrákátù? Kí ló ń wú ọ báyìí?"

Àsíátù ju tépù sórí máṣíìnì. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí yóò tú aṣọ ilé-ìwé ọmọ yìí láti fẹ̀ ẹ́, etí aṣọ tó fi sílẹ̀ nínú sì ti tán. Ìbá dùn mọ́ ọn pé ọmọ sanra, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ikùn nìkan ló ń kún. Abẹ́rẹ́ tó gún Bàrákátù ní àtàǹpàkò lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti di egbò tó ń kẹ̀. Ibà tún dé. Ìdánwò Báyọ́lọ́jì WAEC sì ku ọ̀la! Ara ta Àsíátù. Ó pe ọlọ́kadà, òun àti ọmọ di ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì Morónkẹ́ wo ojú ọmọ, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Oògùn wo lo ń lò?"

"Fítámìn C ni, mà."

Àsíátù fa ike oògùn náà yọ nínú báàgì ọmọ, ó fi ahọ́n kan ọ̀kan, ó sì tutọ́ dànù. "Fítámìn C wo ló ń korò báyìí?"

Bàrákátù bú sẹ́kún. "Màámi, ẹ má bínú. Wọ́n ń pè mí ní lẹ́pa ní kíláàsì. Dámisọ́lá, ọmọ kíláàsì mi, ní oògùn yìí á jẹ́ kí n sanra."

Nọ́ọ̀sì gba ike náà, ó yẹ oògùn inú rẹ̀ wò. "Sẹ́ẹ̀lì B inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ló ń ṣe èròjà tó ń bá àrùn jà. Àwọn ońṣẹ́ kan tí à ń pè ní sáítókáìnì ló ń sọ fún un ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Sítẹ́rọ́ídì ni oògùn yìí; òun ló ń wú ọ lẹ́rẹ̀kẹ́, òun náà ló pa àwọn ońṣẹ́ náà lẹ́nu mọ́ tí egbò rẹ kò fi jinná."

"Mo kà á, mà," ni Bàrákátù wí jẹ́jẹ́. "Ó wà nínú nóòtù mi."

"O kà á!" Àsíátù pariwo. "O kà á, o tún gbé e mì!"

"Ìyá Bàrákátù, ẹ rọra. A ó dá a dúró síbí. Kò sì gbọdọ̀ ṣíwọ́ oògùn náà lójijì, torí ó ti mọ́ ọn lára. Dókítà ni yóò máa dín in kù."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dámisọ́lá wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ó ń kọ̀wé. Omi ni wọ́n ń fà sí Bàrákátù lára. Àsíátù jókòó tì í, inú ń bí i, àánú sì ń ṣe é.

"Aṣọ nìkan ni mo lè tú tún rán," ló wí. "Ìdánwò òní ti lọ nìyẹn."

Bàrákátù wo àtàǹpàkò rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ló yé e: àwọn tó pè é ní lẹ́pa kọ́ ló ń ṣàìsàn, òun fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe gbé oògùn tí dókítà kò kọ fún yín mì nítorí ẹnu ẹlẹgbẹ́ yín.