Kókó Ẹsẹ̀ Ilé Fagundes

Ẹsẹ̀ Adelmo ni Lindaura kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú ẹ̀. Adelmo ń la odò kọjá, garawa wàrà lórí, ó ká ṣòkòtò sókè, omi ń dán lára ẹ̀ bí epo. Lindaura, nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n gbé wá síbi ìwòsàn wa, jókòó sórí òkúta, ó tẹjú mọ́ ọn.

Adelmo ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, wàrà ni mò ń tà o, mi ò ta ẹsẹ̀."

Lindaura rẹ́rìn-ín, ó ní kókó ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ẹ̀ lòun ń wò. Adelmo bá ń fọ́nnu: àmì ilé Fagundes nìyẹn, bàbá òun ní in, bàbá bàbá òun náà ní in. Òótọ́ ni. Gbogbo wa níbí la fi ń mọ ọmọ wọn. Èyí tí ò bá ní in, wọ́n á máa fojú burúkú wo ìyá ẹ̀.

Ìfẹ́ bá wọlé. Kò pẹ́, Adelmo ti ń gbé wàràkàṣì lọ fún un láràárọ̀, á ní ó ṣẹ́kù lọ́jà ni. Irọ́ ni. Wàràkàṣì Minas, ìpínlẹ̀ wa níbí, kì í ṣẹ́kù.

Àmọ́ tí Lindaura bá ti mẹ́nu ba ìgbéyàwó, ara Adelmo á tutù. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́. Ọkùnrin ilé àwọn kì í hu ewú. Ìdí màlúù ni àyà ti gbé bàbá ẹ̀ ṣubú, kò dìde mọ́. "Mi ò fẹ́ sọ ẹ́ di opó."

Lindaura ṣàlàyé fún un pé ọ̀rá ló di kókó yẹn. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ni, ọmọ ń jogún ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá nínú ìdílé wọn. Ara wọn ò lè gbá ọ̀rá dànù, ló bá ń dí ọ̀nà ọkàn. Oògùn ẹ̀ wà. Kó ṣáà jẹ́ kóun gba ẹ̀jẹ̀ wò.

Dona Zulmira, ìyá Adelmo, gbọ́, ló bá gbaná jẹ. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ivonete, àbúrò Adelmo, ò ní kókó kankan, ìlú sì ti pè é lọ́mọ àlè títí. Kókó Adelmo nìkan ló kù tí obìnrin náà fi ń gbórí sókè, wọ́n tún wá ń pè é lárùn. Ó lé Lindaura jáde. Adelmo ò fẹ́ ba ìyá ẹ̀ nínú jẹ́, wàràkàṣì bá dáwọ́ dúró.

Lindaura lọ bá a níbi tó ti ń fún wàrà.

"Adelmo, máa bínú sí mi títí o fi máa darúgbó. Ṣáà darúgbó."

Adelmo bá na apá fún un kó gba ẹ̀jẹ̀.

Èsì dé, ọ̀rá kún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Dókítà fún un ní oògùn ojoojúmọ́, ó ní kí ọmọ ìyá ẹ̀ náà wá. Ohun kan náà gan-an ni wọ́n bá lára Ivonete. Dókítà ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó jogún ẹ̀ ló ń yọ kókó. Dona Zulmira jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, ó ń dúpẹ́. Ọmọ ọkọ ẹ̀ ni Ivonete, ẹ̀jẹ̀ ti jẹ́rìí, kò sì ní kú ikú bàbá ẹ̀.

Níbí, ọkùnrin ló ń lọ tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ bàbá ọmọ. Ṣùgbọ́n Dona Zulmira ló ṣáájú Adelmo wọlé bàbá Lindaura.

"Mo lé ọmọ yín nílé mi, síbẹ̀ ó yọ ọmọ mi méjèèjì lẹ́nu ikú. Ọpẹ́ ni mo bá wá, mo sì tún wá tọrọ ẹ̀."

Bàbá wo ọmọ ẹ̀, ó bi í pé kí ló wí sí i. Lindaura kọjú sí Adelmo.

"Ṣó o ti lo oògùn ẹ lónìí?"

"Mo ti lò ó, ìyàwó mi."

Bàbá ní, "Ẹ ò rí i," ó dìde, ó lọ bu kọfí fún àwọn àna ẹ̀.