Iná Orí Àgbélébùú àti Àwọn Ẹyẹ Tó Ń Kọjá

Obìnrin kan dúró lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì ní òjìji. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn.

Opó ni mí. Ẹja yíyan ni mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Okokomaiko, iná ńlá orí àgbélébùú wọn ni mo sì fi ń ríran tajà. Lọ́dún yẹn, bí ọyẹ́ ṣe dé, àwọn ẹyẹ kéékèèké kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí iná náà po lálẹ́. Wọ́n á yí i títí, wọ́n á já lulẹ̀, wọ́n á kú. Wòlíì Abọ́lá ní àjẹ́ ni wọ́n, pé iná Olúwa ló ń mú wọn. Inú ìjọ dùn. Wọ́n tún so iná mìíràn kún un.

Obìnrin náà ò tiẹ̀ wo ẹja mi. Eruku ilẹ̀ gbígbẹ ló ń rùn lára rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti há.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi pa iná yẹn. Ọ̀nà jínjìn làwọn ọmọ mi ti ń bọ̀, alẹ́ òní ni wọ́n máa kọjá. Tí wọ́n bá rí i, wọn ò ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́."

"Ṣé èmi ni mo tàn án ni? Tí mo bá pa á, kí ni màá fi tajà?"

Mo tẹríba fẹ́ná sábẹ́ ẹja. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí ẹnì kankan. Ẹyẹ kan já bọ́ sórí àtẹ mi. Mo gbé e. Ó gbóná, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Àjẹ́ wo ló kéré tó yìí?

Mo wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, mo pa jẹnẹrétọ̀ wọn. Òkùnkùn bolẹ̀. Wòlíì sáré jáde.

"Ìyá ẹlẹ́ja! Àṣé ẹ wà nínú wọn!"

"Tí mo bá wà nínú wọn, ṣé màá fi ìwọ sílẹ̀, tí o sanra báyìí?"

Ẹnì kan nínú ìjọ tó tẹ̀ lé e jáde rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì. Ìró ìyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lókè. Láti ọ̀nà Ìbà ló ti ń bọ̀, ó ń lọ sí ọ̀nà òkun, ó pọ̀, kò tán bọ̀rọ̀. Mo dúró níwájú jẹnẹrétọ̀ yẹn, mo ní ẹni tó bá fẹ́ tàn án, kó kọ́kọ́ gbé mi kúrò. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ mi. Ẹyẹ kan ṣoṣo ò sì já bọ́.

Lónìí, bí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo àdúgbò wa ló ń pa iná. Wòlíì ló ń kọ́kọ́ pa tiẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún wọn. Nígbà tí ìró náà fẹ́ tán, obìnrin yẹn pè mí láti òkè: "Àjíún!" Oríkì mi ni. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti kú tipẹ́. Wọ́n ní téèyàn ò bá rí ẹni tó pè é lóru, kó má dáhùn.

Mo dáhùn. Gbogbo ohùn mi ni mo fi dáhùn.