Ìsọ̀yè Oníbúlúù

Ìdánwò ìgbáradì ọjọ́ Sátidé náà kò tíì dé ìdajì nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ọ̀gbẹ́ni Gumercindo, olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ ìgbáradì kan ní ìlú Arequipa, kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì, gbà! Kàkà kí ẹni tó ń hanrun jí, ẹlòmíràn gbè é lẹ́bàá fèrèsé, ẹ̀kẹta dáhùn láti ẹ̀yìn, àfi bí ẹgbẹ́ akọrin. Kí olùkọ́ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìlà kan odindi ti dorí kodò sórí ìwé ìdánwò. Ọmọkùnrin gíga kan tó ń jẹ́ Wilber yọ̀ lórí àga, ó balẹ̀ gbì, kò sì jí. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í, Briseida, fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìbéèrè kẹ́mísírì, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ dìde! Ṣé òtẹ́ẹ̀lì lẹ rò pé ẹ wà ni?”

Kò sẹ́ni tó dìde. Ìgbà tí olùkọ́ fọwọ́ kan àyà Wilber, tó rí i pé ó ń lù kìkìkì bí ẹṣin tí wọ́n ń lé, ó figbe ta.

Nélida Cáceda, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa lépa àwọn gbájúẹ̀, ló kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn nínú àwọn ọlọ́pàá. Ó ti mú ọkùnrin tó ta ọgbà ìjọba fún tọkọtaya tuntun rí. Ó ti mú wòlíì tó ń bu omi odò Chili sínú ìgò, tó ń pè é ní omi ìyanu. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, iṣẹ́ kọ́ ló sáré wá ṣe. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni Briseida. Zoraida, ìyá ọmọ náà, ti ká ọwọ́ lérí lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi ti kú o!”

“Zoraida, òkú kì í hanrun. Fetí sílẹ̀.”

Zoraida fetí sílẹ̀. Lóòótọ́, ọmọ ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Omijé rẹ̀ gbẹ díẹ̀.

Ọjọ́ ti yí kí Briseida tó la ojú. “Àǹtí, ṣé ìdánwò ti parí?”

“Ó ti parí, ìwọ nìkan ló kù. Kí lo gbé mì?”

Ọmọ wo ìyá rẹ̀, ó wo òrùlé. “Ìsọ̀yè ni, Àǹtí.”

“Ìsọ̀yè ti ta?”

“Ti Dókítà Leoncio Barreda. Ó wá bá wa sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn kan. Ọmọbìnrin kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tó ń lo oògùn náà, ó ń ka nọ́ńbà tí kò wò bí ẹni tó ń ka orúkọ ara rẹ̀. Dókítà ní ká mu ẹyọ kan ṣáájú láti fi dán an wò, ká wá mu méjì láàárọ̀ ìdánwò àwọn yunifásítì gan-an.” Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Èmi àti Wilber mu méjì lónìí. A fẹ́ ṣe dáadáa ni.”

Nínú àpò kálàmù rẹ̀ ni oògùn náà wà, hóró kéékèèké, búlúù bí ojú ọ̀run. Nélida ka iye ọjọ́ tó kù. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ti ọ̀la ni ìdánwò yunifásítì. Àwọn ọmọ tó ti fi ọdún kan gbáko kàwé wà káàkiri ìlú, ìsọ̀yè yìí wà lápò wọn, wọ́n ń retí àárọ̀ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá mu ún, wọn yóò sùn mọ́ àǹfààní wọn. Ẹni tí àyà rẹ̀ kò bá sì le, ta ló mọ̀ bóyá yóò jí? Wilber ṣì wà ní yàrá kejì, wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà.

Ó mú hóró mẹ́ta, ó gbé wọn lọ bá Dókítà Abelardo Rendón, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn. Bàbá náà rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ oògùn ọ̀hún. Ó lọ ọ̀kan, àwọ̀ búlúù náà sì bó bí ọ̀dà ògiri, funfun báláú ló wà nínú. Ó gbé e sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí èsì jáde, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Oògùn ọ̀fìnkìn ni. Èyí àtijọ́, tó ń kunni lóorun. Ó tiẹ̀ jọ pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.”

“Ṣé kò lè ran ọpọlọ lọ́wọ́ rárá ni, sà?”

“Jókòó, Nélida. Kí nǹkan tó jẹ́ ìsọ̀yè, ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe. Ó gbọ́dọ̀ ran ọmọ lọ́wọ́ láti kọ́ ẹ̀kọ́ kó sì rántí rẹ̀, pàápàá nígbà tí nǹkan bá le. Ó gbọ́dọ̀ gba ọpọlọ lọ́wọ́ ohun tó lè bà á jẹ́. Kò gbọ́dọ̀ kunni lóorun, kò sì gbọ́dọ̀ múni gbọ̀n bí ewé. Bẹ́ẹ̀ ni ìpalára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Àwọn oògùn tó ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ pọ̀, àmọ́ èyí tó yege kò tó nǹkan.”

“Kọfí mi ńkọ́?”

“Kọfí ń lé oorun ni. Ẹni tó jí kọ́ ni ẹni tó gbọ́n. Ẹ̀yin ọlọ́pàá ń fi garawa mu ún, ẹ sì ń sọ kọ́kọ́rọ́ nù.” Ó ti àwo náà sọ́dọ̀ rẹ̀. “Èyí tó o gbé wá yìí, ọ̀tá ìrántí ni. Ṣe ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí ọmọ ń kọ́. Wá ọkùnrin náà kó tó di ọjọ́ Àìkú.”

Nélida àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Sájẹ́ńtì Ticona, tọpasẹ̀ Leoncio dé ilé àyágbé kan ní àdúgbò Yanahuara. Onílé, obìnrin arúgbó tó ń já ewébẹ̀, na ọwọ́ sókè.

“Dókítà? Ènìyàn dáadáa mà ni! Ó wà lórí òrùlé, ó ń sá aṣọ rẹ̀.”

Òrùlé ibẹ̀ tẹ́jú, aṣọ sì kún orí okùn. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni Nélida rí lábẹ́ aṣọ ìbùsùn kan.

“Leoncio Barreda! Dúró!”

Aṣọ ìbùsùn náà sáré. Ó fò sórí òrùlé kejì bí iwin, ó gba orí ẹ̀kẹta, ó sì bọ́ sílẹ̀ sí òpópónà. Ticona fò tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, inú àgò ẹmọ́ ilé tí aládùúgbò ń sìn ló já sí. Àwọn ẹmọ́ fọ́n ká, aládùúgbò sì gbé ìgbálẹ̀.

“Ọlọ́pàá ni mí, màámi!”

“Ọlọ́pàá ń jí ẹmọ́! Ayé ti bàjẹ́!”

Leoncio bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nínú yàrá rẹ̀, wọ́n bá abọ́ tí aró búlúù ti gbẹ mọ́ lára, àti páálí oògùn ọ̀fìnkìn tí wọ́n ti tú. Wọ́n tú mátíràsì, wọ́n tú àpótí, wọn ò rí bébà kan ṣoṣo tí orúkọ ènìyàn wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin náà gbọ́n. Kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ta ni wọn yóò wá lọ bá pé kó má mu oògùn?

Briseida ló pe Nélida lórí fóònù bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ. “Àǹtí, ọ̀rẹ́ mi kan ní Paucarpata sọ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Evaristo kan ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án òní. Ọmọbìnrin kan sì ń tẹ̀ lé e tó ń ka nọ́ńbà.”

Nélida da ṣọ́ọ̀lù borí, ó jókòó sáàárín àwọn ìyá ní gbọ̀ngàn Paucarpata. Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde. Irunmú rẹ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bá àpèjúwe tí Briseida ṣe mu. Ó pe ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan síwájú, Eufrasia, ó ní kó kọ ẹ̀yìn sí pátákó. Àwọn èrò ń pe nọ́ńbà, Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ wọ́n títí pátákó fi kún. Ọmọbìnrin náà ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì dá a padà láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀. Nélida pàápàá, irun ara rẹ̀ dìde.

“Ìsọ̀yè nìyẹn!” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kígbe.

Nélida dìde. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀rù oògùn ń bà mí o. Ẹ kọ́kọ́ mu ún kí n rí i.”

“Ìyá, mo ti mu tèmi láàárọ̀.”

“Ẹni tó jẹun láàárọ̀ náà ń jẹun lọ́sàn-án.”

Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan pàtẹ́wọ́, gbogbo gbọ̀ngàn gbà á: “Ẹ mu ún! Ẹ mu ún!” Ọ̀jọ̀gbọ́n mú ẹyọ kan sẹ́nu.

“Méjì lẹ ní kí àwọn ọmọdé mu,” ni Nélida wí. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbà, ẹ mu mẹ́rin. Ẹ la ẹnu. Ẹ gbé ahọ́n sókè.”

Ó gbé wọn mì, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Ticona tiro wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Leoncio mọ ẹni tó ń tiro náà. Ó da odindi páálí oògùn sáàárín èrò, àwọn ọmọ bẹ́ lé e láti ṣà á, Nélida ń pariwo pé kí wọ́n jù ú sílẹ̀. Kó tó la àárín wọn kọjá, ọkùnrin náà ti gba ojú fèrèsé lọ.

Eufrasia nìkan ló dúró sórí pèpéle, ó ń sunkún.

“Ìwọ, kí lo ń mu?” ni Nélida bi í.

“Mi ò mu nǹkan kan, mà. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyí. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án rárá, pé tí mo bá mu ún, màá gbàgbé iṣẹ́ mi.”

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Hóró búlúù ń bọ́ sílẹ̀ láti ọwọ́ àwọn ọmọ bí òjò yìnyín.

Nélida ránṣẹ́ sí gbogbo ojú ọ̀nà. Ní ibùdó àyẹ̀wò lójú ọ̀nà Mollendo, ọlọ́pàá kan wọ inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí etí òkun. Gbogbo èrò nawọ́ káàdì ìdánimọ̀, àyàfi ẹnìkan lẹ́yìn pátápátá, tó gbórí lé èjìká ìyá kan tó ń ta wàràkàṣì.

“Ẹ bá mi gbé ọkọ tí mi ò fẹ́ yìí kúrò lára mi,” ni ìyá náà wí. “Láti ibùdókọ̀ ló ti ń hanrun sí mi létí.”

Irunmú ọkùnrin náà ti ṣí kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀lù ìyá oníwàràkàṣì. Wọ́n pè é, kò jẹ́. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, kò mira. Dókítà ilé ìwòsàn yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò ní kú, kí wọ́n jẹ́ kó sun oorun rẹ̀ tán. Wọ́n gbé e bí àpò ànàmọ́.

Nígbà tó la ojú, Nélida ló rí níwájú rẹ̀.

“Orúkọ?”

“Evaristo.”

“Ìyẹn ti ọ̀sán. Ti àárọ̀ ńkọ́?”

Leoncio fi ọwọ́ nu itọ́ ẹnu rẹ̀.

“Ta lo ta oògùn fún?”

“Mi ò ta oògùn fún ẹnikẹ́ni.” Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Fún mi ní ìwé tí mo fọwọ́ sí. Mú àkọsílẹ̀ orúkọ wọn wá. Ṣé o ní?”

Nélida ṣílẹ̀kùn. Eufrasia wọlé, ó jókòó, ó pa ojú dé.

“Ní Cerro Colorado, lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, Hilario àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ní Socabaya, ọmọ ìyá tó ń rán bàtà, ilé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ní Cayma, àwọn ìbejì Salas…”

“Pa ẹnu ẹ dé!”

“…Dókítà ní kí wọ́n má sọ fún bàbá wọn.”

Ó ń bá a lọ. Ọwọ́ ro Ticona níbi tó ti ń kọ ọ́, ó pààrọ̀ kálàmù. Leoncio ń sún sísàlẹ̀ lórí àga bí ẹni tí eegun ń yọ́.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò lè gbàgbé nǹkan kan ni?”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbàgbé, sà.”

Báyìí ni Leoncio jẹ́wọ́. Ó ra oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá lọ́wọ́ akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí oògùn kan ní Juliaca, ó rì í sínú aró tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì lọ́ṣọ̀ọ́.

“O mọ̀ pé ó ń kunni lóorun?”

“Mo mọ̀. Mo rò pé wọn á ní àárẹ̀ ìwé ló mú wọn. Ta ni yóò fẹjọ́ oorun sùn?”

“Àyà ọmọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, Leoncio.”

Ó wolẹ̀. Wọ́n mú un lọ sátìmọ́lé, wọ́n sì ránṣẹ́ mú akọ̀wé ti Juliaca náà.

Láti ẹnu Eufrasia ni àwọn ọlọ́pàá àti olùkọ́ ti mọ àwọn ilé tí wọn yóò ti lọ gba oògùn náà padà. Ọ̀gbẹ́ni Gumercindo gan-an gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Socabaya. Bàbá Wilber, tó ń gbẹ́ òkúta funfun, gbọ́ pé ọmọ òun ti ń béèrè oúnjẹ, ó rọ̀ mọ́ Nélida lọ́rùn títí ẹ̀fun òkúta fi kun aṣọ iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà. Adájọ́ ní wọ́n tan Eufrasia jẹ ni, ẹlẹ́rìí ni yóò jẹ́. Kò ríbi dé sí, Zoraida sì ní kó wá máa bá àwọn gbé. Dókítà Rendón wá bi Eufrasia bó ṣe ń rántí nǹkan. Ó ní òun kàn máa ń rìn lọ́kàn òun ní ọ̀nà abúlé ìyá òun àgbà, òun á sì gbé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Bàbá náà ní ìyẹn kò ní ìpalára kankan, kó fi kọ́ Briseida.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn òbí kún ẹnu géètì yunifásítì bámúbámú. Zoraida kò lè jókòó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dúró. Nígbà tí géètì ṣí, àwọn ọmọ tú jáde tariwotariwo, ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere. Briseida àti Wilber wà níwájú, wọ́n ń ja ìjà kẹ́mísírì.

“Súfúrù ni ìdáhùn!”

“Súfúrù kẹ̀? Lọ bọ́jú ẹ! Kálísíọ́mù ni!”

Zoraida fẹ́ làjà. Nélida di apá rẹ̀ mú, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

“Fi wọ́n sílẹ̀, jẹ́ kí wọ́n jà dáadáa. Àwọn méjèèjì ló rántí ìbéèrè.”