Tẹ̀tẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Wa

"Olúwadùnsìn, ìgbẹ́ adìẹ tí o lò yìí, ọ̀sẹ̀ mélòó lo fi sílẹ̀ kó tó rọ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Fágbénró, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wa, ló bi mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè mi ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Gadumo, bírò lọ́wọ́, ìwé máàkì lórí orúnkún. Gbogbo kíláàsì wa dúró yí wa ká. Màmá Ruth, aládùúgbò wa, náà ń wò wá láti ọgbà tiwọn, nítorí kò sí odi láàrin ilé wa méjèèjì.

Ìbéèrè náà rọrùn. Èmi ni mo ti sọ ọ́ di ìṣòro fún ara mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni olùkọ́ fún wa. Òkúta ló kún ilẹ̀ àdúgbò wa, ọkọ́ kì í wọ̀ ọ́. Nítorí náà wọ́n ní kí kálukú kan pákó yí ká bí àpótí tí kò nídìí, kí a rọ iyẹ̀pẹ̀ dúdú kún un dé orúnkún, kí a pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, ká tó gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Èmi ọ̀lẹ, fíìmù ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ wò lórí fóònù. Ìgbà tí mo jí gìrì, èmi àti Ràfíátù ọ̀rẹ́ mi kan pákó pọ̀. Màmá Ruth ló yá wa ní òòlù, ìṣojú wọn ni a sì ṣe gbé ìgbẹ́ adìẹ wọlé. Kò sí àyè láti dúró kó rọ̀. Èyí tó ṣì ń gbóná, tó ń rùn débi pé Màmá Ruth ti fèrèsé wọn, ni mo dà sí i. Lọ́jọ́ kejì ni Màmá Ruth lọ sí Kàbà, wọn ò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Tẹ̀tẹ̀ hù, inú mi dùn. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ pọ́n, ó sì kú.

Nígbà tí ó ku ọ̀la kí olùkọ́ wá, Ràfíátù bá mi níbi tí mo ti ń sunkún.

"Jọ̀ọ́, nu ojú ẹ," ni ó wí. "Bùrọ̀dá Mùtàlíbù ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò. Ká lọ hú díẹ̀ tiyẹ̀pẹ̀tiyẹ̀pẹ̀, ká rì í síbí. Ta ló máa mọ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Nígbà tí olùkọ́ fi máa dé láàárọ̀, tẹ̀tẹ̀ dúró lórí ebè mi, ó tutù yọ̀yọ̀.

"Mi ò fi í sílẹ̀ rárá, sà," ni mo dáhùn, nítorí Màmá Ruth, tó mọ̀ pé ìgbẹ́ náà ṣì ń gbóná, ti dé láti Kàbà, wọ́n sì ń gbọ́. "Bó ṣe jáde láti ilé adìẹ ni mo dà á sí i."

Òótọ́ ni ìyẹn. Tẹ̀tẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni irọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Fágbénró mirí. "Ohun tí ìwé sọ ni pé ó máa ń jó gbòǹgbò. Àbí nítorí pé ebè náà ga, ni ooru rẹ̀ ṣe ráyè jáde?" Wọ́n fún mi ní máàkì mọ́kàndínlógún nínú ogún. Wọ́n ní bí àwọn àlejò bá wá láti mínísírì lóṣù tó ń bọ̀, èmi ni màá ṣàlàyé fún wọn. Àwọn ẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá Ruth gbé àpò ìgbẹ́ adìẹ wọlé. Igi tòmátì ogún ni wọ́n ní, gbogbo rẹ̀ ti fẹ́ yọ òdòdó. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, ohun tí ọgbà yẹn bá mú jáde ni àwọn àti Ruth ọmọ wọn ń jẹ.

"Òkun o, ọmọ mi," ni wọ́n kí mi. "Ṣé kí n kàn dà á sídìí wọn bẹ́ẹ̀, bí o ṣe wí?"

Ràfíátù fún mi lápá pinpin. Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dájú, ojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n mo rántí máàkì mi, mo rántí àtẹ́wọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," ni mo wí.

Láti ìgbà náà ni mi ò ti sinmi mọ́. Tẹ̀tẹ̀ tí a rì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, a tún ní láti lọ hú òmíràn létí odò. Bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, màá sáré lọ yọjú wo ebè mi. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀, ọgbà Màmá Ruth ni mo máa gbà kọjá, ilẹ̀ ni mo sì máa ń wò. Mo ń jẹun, kò dùn. Ilé wa gan-an há mọ́ mi.

Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá Ruth pè mí.

"Dùnsìn, bá mi wò ó. Ewé wọn ń pọ́n. Ó dà bíi pé èmi ni mi ò ṣe é dáadáa, àgbà ti dé. Mo ti ní kí wọ́n bá mi gbé àpò kan wá sí i. Wá kọ́ mi bó o ṣe ṣe tìrẹ."

Ara wọn ni wọ́n ń dá lẹ́bi! Mo bú sẹ́kún. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dórí tẹ̀tẹ̀ etí odò.

Wọn ò lù mí, wọn ò pariwo. "Gbé ṣọ́bìrì," ni wọ́n wí.

A kó ìgbẹ́ náà kúrò, a fi omi púpọ̀ wẹ ìdí àwọn igi náà. Nínú ogún, mẹ́fà ló yè.

"O mọ̀ lọ́jọ́ tí mo bi ọ́?" ni wọ́n bi mí nígbà tí a ṣe tán.

"Mo mọ̀, Mà."

"Lọ sọ fún tíṣà yín fúnra rẹ. Mi ò ní sìn ọ́ lọ."

Mo sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì. Òdo ni mo gbà, Ràfíátù náà sì bínú sí mi fún odidi oṣù kan. Ọ̀gbẹ́ni Fágbénró ní kí n tún ebè mìíràn ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí mo dúró kí ìgbẹ́ rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, tẹ̀tẹ̀ mi sì dára ní tòótọ́. Mo já ìdì àkọ́kọ́ fún Màmá Ruth. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì súre fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fẹ́ gbin ilá. Mo wà níbẹ̀ tí mò ń bomi rin ebè mi. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n lọ sí ilé kẹta láti béèrè irú ajílẹ̀ tí wọn yóò lò.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, máàkì tí mo pàdánù, mo ti gba òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà mí gbọ́ nígbà kan kò tíì bi mí ní nǹkankan láti ọjọ́ náà. Ẹ má fi irọ́ ra ìyìn. Ẹlòmíràn lè jẹ nínú ìyà rẹ̀, bíi Màmá Ruth, tí wọn ò mọ nǹkan kan.