Àyè Kan Nínú Mọ́tò Kékeré

Ẹ̀rín ni mo fi pàdé rẹ̀. Ọkùnrin gíga kan wa mọ́tò kékeré kan, irú èyí tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣí sókè, dé iwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rán aṣọ ìjókòó mọ́tò. Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ó pẹ́ kí orí tó tẹ̀lé e.

"Ọ̀gá," mo ní, "báwo lẹ ṣe ká ara yín sínú akèrègbè yìí?"

"Ẹ má bú u o. Inú rẹ̀ tóbi ju òde lọ."

Oníbúrẹ́dì ni, páálí búrẹ́dì sì ti ya ìjókòó rẹ̀. Kàkà kó fi mọ́tò sílẹ̀ kó máa lọ, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn mí: àga iwájú tó ń sùn gbalaja títí yóò fi kan ti ẹ̀yìn, amúlétutù tó ń fẹ́ dé ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn, ìkọ́ tí wọ́n ń fi báàgì kọ́ nínú búùtù. Ó ní kí n ki ọwọ́ bọ àárín ìjókòó ẹ̀yìn, kí n fọwọ́ kan irin kékeré kan tó fara pamọ́ síbẹ̀.

"Ibí ni wọ́n ń so àga ọmọ mọ́."

"Ọmọ yín dà?"

"Mi ò tíì rí ìyá rẹ̀." Ó wojú mi, kò sì gbójú kúrò.

Ẹ gbà mí! Èmi tí ẹnu mi mú bí abẹ, abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kí n tó parí iṣẹ́ náà, mo ti ń pè é ní Agùntáṣọọ́lò, òun náà ń pè mí ní Adúmáadán. Inú mọ́tò yẹn la ti máa ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná, a ó da àga sẹ́yìn, a ó máa rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà mí.

Nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, bàbá rẹ̀ ló kọ̀. Mo ti lọ́kọ rí. Ọkọ náà ní òun ń lọ wáṣẹ́, òun á padà wá mú mi, àtìgbà náà kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀. Nígbà tí a lọ kí bàbá, wọn ò tilẹ̀ ní kí n jókòó.

"Mọ́tò ni wọ́n ń rà ní àlòkù," wọ́n ní, "kì í ṣe ìyàwó."

"Ó dàbọ̀, sà," mo ní, mo bá tèmi lọ. Ilé ni mo ti sunkún.

Ọ̀rọ̀ wa ò lọ, kò bọ̀, títí ẹ̀yìn bàbá fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n lè dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jókòó, ìrora á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ilé ìwòsàn tó lè tọ́jú wọn wà ní ìlú tó jìnnà, ìtọ́jú náà á sì pẹ́. Agùntáṣọọ́lò gba iṣẹ́ sí ilé búrẹ́dì kan níbẹ̀. Èmi ni mo rán fóòmù tó dí àlàfo àárín àga iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí bàbá lè rí ibi na ara sí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ ni ojú mi là. Ènìyàn mẹ́rin péré ni mọ́tò náà ń gbà. Agùntáṣọọ́lò ni yóò wà á. Bàbá tó dùbúlẹ̀ ti gba àyè méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti jókòó sí èyí tó kù. Mo di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mú, mi ò jẹ́ kí Agùntáṣọọ́lò tì í.

"Màá padà wá mú ẹ," ó ní.

Mo rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn náà. "Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ gan-an nìyẹn."

"Adúmáadán, èmi kọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀! Ṣùgbọ́n mi ò lè tún dúró máa wo ojú ọ̀nà mọ́, màá kú. Mú mi lọ. Fi mí sí búùtù!"

"Búùtù ti kún," ló sọ, ó bú sẹ́kún.

Ohùn bàbá jáde láti inú mọ́tò. "Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lórí. Ta ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn?"

Bàbá fọwọ́ tẹ ohun tí wọ́n dùbúlẹ̀ lé.

"Fóòmù abẹ́ ẹ̀yìn mi yìí, ta ló rán an?"

"Òun ni, Bàbá," ọmọ wọn ní.

Bàbá ń wo òrùlé mọ́tò. "Ẹ gbé àga yìí dìde."

"Bàbá!" Ẹ̀gbọ́n pariwo. "Ẹ ò lè jókòó dé ibẹ̀ láéláé!"

"Ẹ̀yìn rẹ ni àbí ẹ̀yìn mi? Ṣé dókítà ní ó máa pa mí ni? Ó ní á dùn mí ni. Ẹ gbé e dìde, kó wọlé."

Àga ń dìde díẹ̀díẹ̀, bàbá ń laagùn, wọ́n ń pa eyín pọ̀. Mo fi fóòmù há wọn nídìí, mo wọlé sẹ́yìn wọn, mo na ọwọ́ mi méjèèjì gba ẹ̀gbẹ́ àga, mo sì di èjìká wọn mú. Gbogbo kòtò tí a bọ́ sí ni wọ́n ń kérora. Nígbà tí a bọ́ sí ńlá kan, wọ́n ké bí ọmọdé. Mi ò lè gbà á mọ́ra.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá àga yìí padà. Màá bọ́ sílẹ̀ níbí."

"Kí o bọ́ sílẹ̀ lọ síbo?" Ohùn wọn ń gbọ̀n. "Jókòó síbẹ̀, ìyàwó. Di èjìká mi mú dáadáa."

Agùntáṣọọ́lò wò mí nínú dígí, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Irin tí wọ́n ń so àga ọmọ mọ́ ń gún mi ní ìdí. Mi ò sún kúrò.