Kókó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tú

Ẹni tó bá fẹ́ lè pe èyí ní àlọ́. Ọwọ́ tó so kókó náà ṣì wà láàyè, ó ṣì ń fọ aṣọ, ojú tó sì rí i kò fọ́.

Ọdún mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà ńlá kan fi wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé Ìyá Àgbà, tó ń kùn bí oyin. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé e síbẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìgbowó. Wọ́n ṣe ohun kan tó ń ka ìwé sókè fún àwọn afọ́jú lórí fóònù. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni gbogbo ìwé náà ń gbé. Bó bá kú, ìwé ti pa dé mọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta afọ́jú nìyẹn.

Iná ilé ò ṣeé gbára lé, ni wọ́n bá wá ààyè fún un ní ilé iṣẹ́ ńlá kan. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ọ̀fẹ́ ni, pé àwọn á máa tọ́jú rẹ̀, bó bá bàjẹ́ àwọn á tún un ṣe. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, "Kò séwu" ni ìdáhùn rẹ̀. Ìyá Àgbà bá sọ ọ́ ní Kò-séwu. Ẹni tó ń pe gbogbo nǹkan ní kò séwu, ó ní, kò tíì wò ó rí ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé e lọ, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ká wáyà iná kọ̀ǹpútà náà. Ó ya etí aṣọ ìbora rẹ̀ àtijọ́, ó fi so ó ní kókó tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, tí ẹlòmíràn ò mọ̀ ọ́n so. Ìrù aṣọ náà gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Oṣù méje kọjá. Ìwé kíkà ò dá dúró lọ́jọ́ kan. Oṣooṣù ni Kò-séwu ń kọ̀wé pé àwọn ti yẹ ẹ́ wò, ara rẹ̀ le.

Wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà, ọmọ ọmọ rẹ̀, àti tíṣà kan tí kò ríran. Fóònù tíṣà ń kàwé fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí wọ́n ṣe ń lọ. Kò-séwu ṣáájú, ó ń yin ara rẹ̀. Yàrá náà tutù, kò ní fèrèsé. Ó ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Eruku bo kọ̀ǹpútà náà. Wáyà rẹ̀ ṣì wà ní kíká, kò sí lára ògiri. Kókó Ìyá Àgbà ni, bó ṣe so ó gan-an.

"Ta ló tú u, tó tún un so?" ni Ìyá Àgbà bi í.

Kò-séwu wo wáyà, ó wo ògiri. "Mama, wọ́n ń yẹ ẹ́ wò lóṣooṣù."

"Ojú wo ni wọ́n fi ń yẹ ẹ́ wò?"

Ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kọ̀ǹpútà náà. "Ìyá Àgbà, ó gbóná."

Fóònù tíṣà ń kàwé lọ ní tirẹ̀.

Ìtìjú mú Kò-séwu. Kò sì yẹ kí ìtìjú mú òmùgọ̀ nítòsí ohun tó ṣeé bàjẹ́. Ó ní òun á fi iná sí i báyìí, kò séwu. Ó fi tipátipá fa wáyà náà yọ nínú aṣọ.

Ohùn dá mọ́ tíṣà lọ́wọ́ láàárín gbólóhùn. Kò-séwu ki wáyà bọ ara ògiri. Iná tàn lójú kọ̀ǹpútà, ohùn ò wá. Fóònù ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìbéèrè ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn afọ́jú tí kò mọ ara wọn: kí ló dé tó dákẹ́?

Ìyá Àgbà fi ìgúnpá ti ọ̀gá sẹ́yìn. Ó yọ wáyà, ó ká a, ó so ó. Ìrù aṣọ náà ò ju ìka kan lọ mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n dúró.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni tíṣà wí.

Nínú fóònù, ẹnì kan mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tó ti dúró.

Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e padà sílé. Kò-séwu ṣì ń sọ pé kò séwu, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló ti ń sọ ọ́.

Láràárọ̀ ni ìrù aṣọ náà ń kúrú sí i. Kò sí ojú eyín eku, kò sí fọ́nrán òwú nílẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ bá Ìyá Àgbà níbi tó ti ń ya etí aṣọ ìbora, tó ń so ó mọ́ ọn.

"Ìyá Àgbà, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń fún un lóúnjẹ. Ó ń jẹ, ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé jíjẹ nìkan ni."

Aṣọ ìbora náà ti ku ìdajì. Ìyá Àgbà gbìyànjú aṣọ mìíràn lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà náà kò fẹnu kàn án.